Ilé Là Á Wò Kí A Tó Rán Òjíṣẹ́ Lọ Kọ́ṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sójú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí kò jìnnà sí òwe náà. Ọ̀rọ̀ òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ìjọ rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni, àti ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ti mú un jáde. Ẹni tí ó bá ń retí pé n ó sọ̀rọ̀ lórí ewì tàbí lórí ìwé ìtàn-àròsọ, kí ó fi orí jì mí. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí, inú mi kò sì ní í balẹ̀ bí n kò bá sọ ọ́.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ni mí, mo wà ní ọdún kẹta. Mo lọ́kọ, mo sì bímọ mẹ́ta. Ọkọ mi náà wà ní ọdún kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òjíṣẹ́ ìjọ, ní ìlú mìíràn tí ó tó ìrìn wákàtí méjì sí ibi tí à ń gbé. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì ni wọ́n ti fi ìjọ kékeré kan sí ìkáwọ́ rẹ̀ ní abúlé kan, kí ó máa fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ó lè fi ọwọ́ ṣe ohun tí ó ń fi etí gbọ́ ní kíláàsì. Ọmọ ọdún 31 ni mí, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí ó lè bí ìyá mi ń pè mí ní Ìyá Ìjọ ní abúlé náà. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀ kí mi, ẹ̀rù bà mí, èmi náà kúnlẹ̀, àwa méjèèjì sì wà nílẹ̀ tí à ń wo ara wa.

Ẹ jẹ́ kí n ka ọ̀sẹ̀ kan fún yín. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọkọ mi wà ní ilé-ẹ̀kọ́: èdè Gíríìkì, ìtàn ìjọ, ìwàásù ṣíṣe, àròkọ lórí àròkọ. Ní nǹkan bí agogo méje alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni yóò wọlé. Nígbà tí agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta bá fi máa lù, ó ti gun ọ̀kadà, ó ti di abúlé. Ó ní aláìsàn láti bẹ̀ wò, ó ní ìpàdé àwọn àgbà ìjọ, ó ní ẹgbẹ́ akọrin tí ń dúró dè é. Ní ọjọ́ Ìsinmi, èmi àti àwọn ọmọ yóò lọ bá a níbẹ̀. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, èmi ni mo ń darí ìpàdé àwọn obìnrin, èmi náà ni mo ń dáná fún àlejò tí ó bá tẹ̀ lé wa dé yàrá tí wọ́n fi wá sí. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti àwọn ọmọ á padà sílé, òun á sì gba ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Wákàtí 11 péré ni ó kan ilé wa nínú rẹ̀, oorun sì ni a ń fi èyí tí ó pọ̀ jù sùn.

Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọkọ mi wọlé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin, sáré jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káalẹ́ o, Pásítọ̀.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, ó bi mí pé, “Ìyá Adé, ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ ni?” Mo ní ó ti tó oṣù méjì. Kò sọ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò fojú kan oorun ní òru ọjọ́ náà. Ọmọ náà kò ṣì í sọ. Ìjọ ni ibi tí ó ti ń rí ọkùnrin náà jù lọ, ohun tí gbogbo ìjọ sì ń pè é ni òun náà ń pè é.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, èrò tèmi sì nìyí: nígbà tí ìjọ bá rán ọkùnrin kan lọ kọ́ṣẹ́ òjíṣẹ́, ilé kan ni ó rán lọ. Ìyàwó lọ, ọmọ lọ, owó ọbẹ̀ lọ, oorun àárọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sínú ìwé, ìnáwó ẹnì kan ni wọ́n ṣírò, ẹnì kan ni wọ́n sì gbàdúrà fún kí ó tó lọ. Ìṣirò náà kò pé. Nígbà tí ìṣirò kò bá sì pé, ẹnì kan ni yóò san ìyókù. Àwọn tí ń san án kò sí níbi tí wọ́n ti ṣe ìpàdé.

Ẹ wo ti owó. Ìjọ tí ó rán ọkọ mi ní òun yóò san ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń san án. N kò lè purọ́ mọ́ wọn. Ní ti ìdajì kejì, wọ́n ní Ọlọ́run yóò pèsè. Ọlọ́run pèsè lóòótọ́. Maṣíìnì ìránṣọ mi ni ó gbà pèsè. Kí n tó wọ yunifásítì ni mo ti ń ránṣọ, òun ni mo sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kejì rẹ̀, mo tà á, mo sì ní kí ọkọ mi má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n pè é kí ó wá jẹ́rìí nípa bí owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe wá. Ó jẹ́rìí, ìjọ sì ké halelúyà. Mo bá wọn ké e. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń pàtẹ́wọ́, ṣe ni mo ń ro aṣọ méjì tí wọ́n ti kó fún mi rán, tí mo sì gbọ́dọ̀ lọ yá maṣíìnì aládùúgbò kí n tó lè rán an.

N kò wá síbí láti fi ẹ̀bi kan gbogbo ènìyàn kí n sì yọ ara mi sílẹ̀. Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi, ó sì burú. Nígbàkigbà tí àwọn ọmọ bá bi mí pé níbo ni bàbá àwọn wà, ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo ní: “Bàbá yín ń ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run.” Bí èyí àkọ́kọ́ gba ipò kìíní nílé-ẹ̀kọ́ tí kò sì rí bàbá fi han, iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Bí èyí èkejì ṣàìsàn, iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ìdáhùn náà rọrùn, ó ń pa ẹnu ọmọ mọ́ kíá. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ mi pé Ọlọ́run ni ó mú bàbá wọn lọ. Bí ọmọ àlùfáà bá dàgbà tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, a máa ń sọ pé ayé ló bà á jẹ́, tàbí ẹgbẹ́ burúkú. Ẹ jẹ́ kí á máa bi ara wa léèrè pé, ta ni a ní ó gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n á ní iṣẹ́ Olúwa kò sí láìsí ìfara-ẹni-rúbọ. Wọ́n á ní ẹni tí ó ti di ohun ìtúlẹ̀ mú kì í bojú wẹ̀yìn. Mo gbà pé ẹbọ wà nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ tèèyàn ni èèyàn fi ń rúbọ. Bí ọkọ mi bá fi oorun rẹ̀ sílẹ̀, bí ó bá fi iṣẹ́ olówó gọbọi sílẹ̀, ẹbọ tirẹ̀ ni, Ọlọ́run yóò gbà á. Bí èmi tí mo ti dàgbà bá ta maṣíìnì mi tọkàntọkàn, ẹbọ tèmi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin tí a kò bi léèrè, tí kò sì mọ ohun tí à ń sọ, ẹbọ wo ni òun rú? Ohun tí a gbà lọ́wọ́ ọmọ láìbi í, orúkọ mìíràn ni ó ń jẹ́.

Àwọn olùkọ́ ọkọ mi fẹ́ràn ìtàn Jẹ́tírò, àna Mósè, tí ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pín iṣẹ́ fún àwọn mìíràn kí agara má baà dá a. Ọkọ mi kọ àròkọ gígùn lé e lórí, èmi ni mo sì bá a ka á wò. Nígbà tí mo ṣí Ẹ́kísódù orí 18 fúnra mi, mo rí ohun kan níbẹ̀. Jẹ́tírò kò ṣánwọ́ wá. Sípórà ìyàwó Mósè ni ó mú bọ̀, àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé Mósè ti dá wọn padà sílé kí ó tó di ìgbà náà. Bàbá àgbàlagbà yìí kọ́kọ́ dá ilé padà fún ọkùnrin náà, lẹ́yìn èyí ni ó tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo bi ọkọ mi pé ọjọ́ wo ni wọ́n kọ́ wọn ní apá ibẹ̀. Ó ní àwọn kò tíì dé ibẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí ó gbé èdè wa sórí ìwé ní ìlànà ABD, inú ilé àwọn òjíṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Ní ọdún 1841, Samuel Ajayi Crowther bá àwọn òyìnbó rin ìrìn-àjò Odò Ọya. Ní 1842, ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ C.M.S. ní Islington; ní 1843, wọ́n fi í jẹ àlùfáà. Ọdún 1843 yìí kan náà ni wọ́n tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Gbogbo èyí ni a ń kọ sílẹ̀ nínú ìdánwò. Mélòó nínú wa ni ó lè dárúkọ obìnrin tí ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ní Sàró ní gbogbo àkókò náà? Asano ni orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Susan. Wọ́n gba òun náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ akónilẹ́rú, ó sì ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845, òun àti ìyàwó àti ọmọ ni wọ́n jọ gúnlẹ̀.

Ẹ tún wo Ìbàdàn. David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé ibẹ̀ ní 1853. Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé wọn lọ́wọ́ láti kọ́. Anna gba ọmọ púpọ̀ sínú ilé wọn ní Kúdẹ́tì: ó ń bọ́ wọn, ó ń kọ́ wọn. Nígbà ogun Ìjàyè tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, tí ọ̀nà dí tí owó kò wọlé mọ́, wọ́n ta ẹrù inú ilé kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan jẹ. Inú ilé àwọn Hinderer ni Daniel Olubi ti jáde, tí òun náà wá di àlùfáà ní Ìbàdàn. Bí a bá ní ọkọ nìkan ni òjíṣẹ́, ta ni ó ṣe gbogbo ìyókù?

Kí ẹ̀sìn tí ó ti òkèèrè wá tó dé, àwọn bàbá wa mọ ohun kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ń kọ́ Ifá a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó jẹ́ pé ilé ni ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n sì mọ̀ pé babaláwo kò dá a ṣe: ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ nínú iṣẹ́ náà, apẹ̀tẹ̀bí ni, ó sì ní ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ láti ṣe nídìí Ifá. N kò ní kí ìjọ sọ mí di apẹ̀tẹ̀bí o, kí àwọn àgbà ìjọ má tìtorí èyí ránṣẹ́ pè mí. Ohun tí mo ń wí ni pé iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe yẹ kó ní orúkọ, kó sì ní ẹ̀kọ́ tí a fi ń kọ́ni. “Ìyá Ìjọ” dùn ún gbọ́ létí. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ mi ní bí a ti ń tu opó nínú, tàbí bí a ti ń parí ìjà láàrin ìyàálé àti ìyàwó? Ọkọ mi ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ tirẹ̀. Tèmi, wọ́n ní kí n máa wo òun.

Kí ni kí á wá ṣe? Ohun mẹ́rin ni mo ní í sọ. Èkíní, kí ìjọ tó rán ẹnikẹ́ni lọ, kí wọ́n pe ìyàwó rẹ̀ wá jókòó. Kí wọ́n má kàn bi í pé ṣé ó gbà, nítorí obìnrin wo ni yóò dìde láàrin àwọn àgbà kí ó ní òun kò gba ìpè Ọlọ́run? Kí wọ́n bi í pé: kí ni ilé yín ń ná lóṣù, ta ni ń mú un wá, báwo ni yóò ṣe rí nígbà tí ọkọ kò bá sí nílé? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì, nínú òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ìjọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bójú tó yọ̀ǹda ọ̀kan fún un láti wà pẹ̀lú ilé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìjọ abúlé kò lówó. Iṣu wọn ni à ń jẹ, epo wọn ni à ń sè, n kò sì ní í gbàgbé oore wọn láéláé. Ṣùgbọ́n èyí kò gba owó. Àwọn àgbà tí ó ti ń darí ìsìn níbẹ̀ kí wọ́n tó rán ọkọ mi sí wọn kò tíì kú, wọn kò sì tíì ya odi.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òjíṣẹ́ kọ́ àwọn ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, ní ẹ̀kọ́ gidi, ní àkókò tí obìnrin tí ó ń ṣòwò tàbí tí ó ń kàwé lè ráyè. Ẹ̀kẹrin kan akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dúró kí ìjọ fún òun láyè, ọmọ rẹ̀ yóò ti dàgbà kí wọ́n tó parí ìpàdé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ó kọ́kọ́ pín àkókò fún ilé nínú ìwọ̀nba èyí tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Olùkọ́ tí ó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun, tí ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ọ̀nà kan náà ni ó ń rìn. Nínú ìwé àpilẹ̀kọ wa, ojú ewé ìdúpẹ́ ni a ń fi ìyàwó àti ọmọ sí. Ojú ewé ìnáwó gan-an ni ó yẹ wọ́n.

Ní tiwa, ọ̀rọ̀ “Pásítọ̀” ọjọ́ yẹn ni ó jí wa. Láti ìgbà náà, tí ọkọ mi bá ti wọlé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ó pa fóònù, a ó ti ìlẹ̀kùn. Òun ni yóò pa àlọ́ fún àwọn ọmọ. Àwọn àlọ́ tí mo ń kó jọ fún iṣẹ́ ìwádìí mi ni ó ń pa, ó sì máa ń ṣì wọ́n pa, tí Ìjàpá a máa bọ́ sínú ìtàn tí kò sí. Àwọn ọmọ á ní irọ́ ni, wọ́n á máa bá a jiyàn títí oorun yóò fi gbé wọn. Wákàtí 11 náà kò tíì kúrò ní 11, n kò sì tíì ní maṣíìnì mìíràn. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn wa ti pín orúkọ náà sí méjì báyìí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, “Bàbá mi” ni.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà nínú ìjọ yín, ẹ̀yin tí ẹ ó dàgbà dé ibẹ̀ lọ́la, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ rán lọ kọ́ṣẹ́, ẹ tẹ̀ lé e délé kí ẹ tó rán an. Ẹ ka iye orí tí ó wà níbẹ̀. Ire o.